Kámẹ́rà Kò Mọ Ojú Yàtọ̀ sí Léèsì: Àlàyé fún Ẹni tó Fẹ́ Ra DSLR Àkọ́kọ́

Màkún wà lára ìlú 13 tí wọ́n para pọ̀ ní ọdún 1872 tí wọ́n fi di Ṣàgámù. Ó ní ọba tirẹ̀, Ewùsì ti Màkún, ó sì ní àwọn ọjọ́ ayẹyẹ tirẹ̀: ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń gba fíríìdọ̀mù. Kò sí èyí tí a ń ṣe nínú wọn tí a kì í ya fótò. Fóònù ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ìyàwó ń jó wọlé lábẹ́ kánópì, tàbí tí ìdílé fẹ́ tẹ àwòrán ńlá tí wọn yóò gbé kọ́ ògiri pálọ̀, ìyàtọ̀ máa ń hàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pinnu láti ra kámẹ́rà ńlá tí à ń pè ní DSLR.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń lọ ra àkọ́kọ́ fi sọ́kàn. Kámẹ́rà yìí mọ ìmọ́lẹ̀ wọ̀n dáadáa, àmọ́ kò mọ ohun tó ń wò. Kò mọ̀ pé ojú ìyá ìyàwó ṣe pàtàkì ju léèsì funfun tó wọ̀ lọ. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń sọ fún un yóò fi kámẹ́rà tòkunbọ̀ ya àwòrán tó gbámúṣé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kámẹ́rà olówó gọbọi kò ní gbà á sílẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Bí ẹ bá yọ lẹ́ǹsì kúrò lára DSLR, dígí kékeré kan tó dà gẹ̀rẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú lẹ́ǹsì wọlé, á lu dígí yẹn, á ta sókè, á gba inú àwọn dígí tó wà lórí kámẹ́rà, á sì jáde síbi ihò tí ẹ ń fojú wò. Nítorí náà, ohun tí ẹ ń rí nínú ihò yẹn kì í ṣe àwòrán orí sikirín. Ìmọ́lẹ̀ gan-an ni, bó ṣe gba inú lẹ́ǹsì wá. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, dígí náà á gbéra sókè, ìlẹ̀kùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń pè ní ṣọ́tà á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀, ṣọ́tà á padé, dígí á sì padà sáyè rẹ̀. Ìró tí ẹ ń gbọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ti dígí àti ṣọ́tà yẹn ni.

Sẹ́ńsọ̀ ló rọ́pò fíìmù. Nínú àwọn DSLR tí owó wọn mọ níwọ̀n, ti Canon gùn tó nǹkan bíi mílímítà 22, ó sì ga tó 15. Ti Nikon fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ti fóònù kéré sí wọn lọ́pọ̀ ìlọ́po. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ṣe tóbi tó ni ìmọ́lẹ̀ tó lè gbà á ṣe pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí àwòrán alẹ́ inú DSLR fi máa ń mọ́ ju ti fóònù lọ.

Ìdí tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀

Ní 1991 ni Kodak gbé DSLR tirẹ̀ jáde fún títà. Ara Nikon F3, kámẹ́rà fíìmù, ni wọ́n kọ́ ọ mọ́, àwòrán rẹ̀ kò sì ju mẹ́gápíksẹ́lì 1.3 lọ. Ó di 2003 kí Canon tó gbé EOS 300D jáde, tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là 1,000 ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ìròyìn ti ń lè fọwọ́ kàn án. Ní 2008, Nikon D90 di DSLR àkọ́kọ́ tó ń gba fídíò. Nígbà tó di 2018, Canon gbé EOS R jáde, Nikon gbé Z6 àti Z7 jáde. Àwọn wọ̀nyí kò ní dígí tó ń gbéra sókè mọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì sì ń náwó sí báyìí.

Ànfààní lèyí jẹ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn oníṣẹ́ fótò lókè òkun ṣe ń yí sí kámẹ́rà tuntun, DSLR àti lẹ́ǹsì wọn ń di tòkunbọ̀, wọ́n sì pọ̀ lọ́jà. Ànfààní kejì kan iná ìjọba tí kò dúró sójú kan. Nígbà tó jẹ́ pé dígí lẹ fi ń wo ohun tí ẹ fẹ́ yà, kò sí sikirín tó ń mu bátìrì. Bátìrì tí ẹ ṣájì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lè ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún fótò ní Sátidé.

Bí a ṣe ń rà á

Láti Ṣàgámù, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò jẹ́ kí ọjà Computer Village ní Ìkẹjà jìnnà. Bí ẹ bá lè rí ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà bá yín lọ, ẹ mú un dání. Ẹ mú mẹ́mórì káàdì tiyín lọ pẹ̀lú, kí ẹ sì ya fótò púpọ̀ kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀ já. Bí ẹ bá rí okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó tàn káàkiri inú dígí, ó ti hu nìyẹn, ọ̀rinrin ló fà á. Ẹ má rà á, nítorí ó lè máa hu sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé nọ́ḿbà f (mo ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀) lọ sí 16 tàbí 22, kí ẹ ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun. Bí àmì dúdú kan bá wà lójú kan náà nínú gbogbo fótò, ó wà lórí sẹ́ńsọ̀. Bó bá jẹ́ eruku, ó ṣeé nù. Bó bá jẹ́ pé nǹkan ló ha á, kò látùn-únṣe tó rọrùn.

Ẹ béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà rẹ̀ ti ṣí. Fún ọ̀pọ̀ DSLR alábọ́ọ́dé, ìgbà bíi 100,000 ni àwọn tó ṣe é ń fojú sùn. Nikon máa ń kọ iye yìí sínú fótò kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè rí i lórí kọ̀ǹpútà. Ti ọ̀pọ̀ Canon kò rọrùn láti rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe rí: rọ́bà tó ti yọ, bọ́tìnnì tó ti ha, bátìrì tó wú. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan nípa Nikon: àwọn oríṣi D3000 àti D5000 kò ní mọ́tò tó ń yí lẹ́ǹsì nínú ara wọn. Lẹ́ǹsì tó ní mọ́tò tirẹ̀, bí èyí tí wọ́n kọ AF-S sí, ló máa bá wọn ṣiṣẹ́. AF lásán á wọ̀ wọ́n, àmọ́ ọwọ́ lẹ ó máa fi yí i kí ojú tó mọ́.

Bí owó bá kéré, ẹ ra kámẹ́rà tó ti pẹ́ díẹ̀, kí ẹ fi èyí tó kù ra lẹ́ǹsì. Lẹ́ǹsì 18-55 tó sábà máa ń bá kámẹ́rà wá dára lójú ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á dé 50, f/5.6 tàbí ibi tó sún mọ́ ọn ni ihò rẹ̀ lè ṣí mọ. Lẹ́ǹsì 50 tó ní f/1.8, tó wà lára àwọn tó rọjú jù lọ, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èyí. Òun ni yóò gbà yín lálẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ ní láti rìn sẹ́yìn kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wọ inú rẹ̀, nítorí náà ẹ má ta 18-55 yẹn fún fótò ẹbí.

Ohun mẹ́ta tí ọwọ́ yín ń yí

Èkíní ni ihò inú lẹ́ǹsì. Nọ́ḿbà f kékeré túmọ̀ sí ihò ńlá: ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń wọlé, ẹ̀yìn ẹni tí ẹ ń yà á sì di bàìbàì. Bí ẹ bá to ènìyàn sí ìlà méjì ní f/1.8, ìlà kan lè mọ́ kí ìkejì má mọ́. Ẹ gbé e lọ sí f/8.

Èkejì ni bí ṣọ́tà ṣe yára tó. 1/60 ìṣẹ́jú àáyá tó fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń jó nílò 1/250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ tó ń jù á di ẹ̀fúùfù nínú fótò. Bí ẹ bá sì ń lo fíláṣì, ẹ má kọjá 1/200 lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà alábọ́ọ́dé, nítorí ìlà dúdú yóò bo apá kan fótò.

Ẹ̀kẹta ni ISO, tó ń sọ bí kámẹ́rà yóò ṣe gbé agbára ìmọ́lẹ̀ tó gbà ga tó. 100 dára ní ọ̀sán gangan. Bó ṣe ń ga sí i ni àwòrán ń ní ègé wẹ́wẹ́ lára. Síbẹ̀, fótò tó ní ègé wẹ́wẹ́ sàn ju èyí tí ojú kò mọ́ nínú rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí ìlàjì, ìpele kan nìyẹn. Láti ISO 400 sí 800, ìpele kan. Láti 1/125 sí 1/250, ìpele kan. Ohun tí ẹ bá mú kúrò níhìn-ín lẹ ó wá fi dípò lọ́hùn-ún. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Av lórí Canon tàbí A lórí Nikon: ẹ̀yin ẹ yan ihò, kámẹ́rà á yan ìyára.

Ojú àti léèsì

Ibi tí ọ̀pọ̀ fótò ti ń bàjẹ́ nílẹ̀ wa nìyí. Kámẹ́rà gbà pé ohunkóhun tó bá wà níwájú òun, bí a bá pa á pọ̀, kò funfun, kò sì dúdú, àárín ló wà. Ó dà bíi télọ̀ tó ń rán aṣọ gbogbo oníbàárà sí ìwọ̀n kan ṣoṣo. Bí ìyàwó àti ẹbí rẹ̀ bá wọ léèsì funfun báláú, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù: léèsì á di aláwọ̀ eérú, ojú wọn á sì ṣókùnkùn. Bó bá jẹ́ aṣọ dúdú ni wọ́n fi sin àgbà, á ṣe òdìkejì, ojú á funfun ràkọ̀.

Ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ + àti − sí. Fún léèsì funfun, ẹ fi ìpele kan kún un, tàbí ìpele kan àti ààbọ̀. Fún aṣọ dúdú, ẹ dín in kù. Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ sọ fún kámẹ́rà kó wọn ìmọ́lẹ̀ ní àárín nìkan, kí ẹ sì gbé àárín náà sójú ẹni tí ẹ ń yà. Bí ẹni náà bá dúdú dáadáa, ẹ rántí pé kámẹ́rà á tún fẹ́ sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Ẹ dín in kù díẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ lè rí bó ṣe rí. Àwọ̀ dúdú kì í ṣe àṣìṣe tí a ń tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak fi ń ṣètò àwọ̀ nílé ìfọfótò, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, obìnrin aláwọ̀ funfun ló máa ń wà lórí rẹ̀. Kámẹ́rà òde òní ti sàn ju ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ ni yóò dájọ́. Ẹ máa ya RAW pẹ̀lú JPEG nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ ọ, torí RAW ń tọ́jú ọ̀pọ̀ ohun tí a lè gbà padà lórí kọ̀ǹpútà.

Kánópì náà ní ti rẹ̀. Ọ̀sán tó bá gba inú tapólì pupa tàbí búlúù kọjá máa ń kun ojú ènìyàn. Ẹ mú ẹni tí ẹ fẹ́ yà wá sétí kánópì, kó kọjú síta. Lálẹ́, bí àwọn iná LED bá ń fa ìlà sínú àwòrán, ẹ gbé ìyára lọ sí 1/50 tàbí 1/100, torí iná tiwa ń mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ti fídíò, ọ̀pọ̀ DSLR kì í gbà ju ìṣẹ́jú 30 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má gbé e kalẹ̀ kí ẹ lọ jẹun bí ìwàásù bá ń lọ lọ́wọ́.

Ìtọ́jú àti ìyọ̀ǹda

Ní ìgbà ọyẹ́, eruku wà níbi gbogbo. Ẹ pa kámẹ́rà kí ẹ tó pààrọ̀ lẹ́ǹsì, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ sì ṣe é kíá nínú ilé. Bí lẹ́ǹsì bá ń ṣagídí, ẹ má fipá yí i: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ìgbà òjò, ewu tó wà ni híhù. Inú ike tó ní ìdérí tó dì, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, sàn fún lẹ́ǹsì ju inú báàgì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ.

Ní Rẹ́mọ, agbègbè tí Ṣàgámù wà, kì í ṣe gbogbo ohun tó ń lọ ní ìlú ni a ń gbé kámẹ́rà sí. Ti Orò kò sí nínú ohun tí a ń yà. Bí Eégún bá jáde, ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ni í kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ọlọ́mọ: ẹ bi òbí rẹ̀.

Kí ẹ tó gbowó ẹnikẹ́ni, ẹ fi ará ilé kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kó wọ aṣọ funfun, kó tún wọ dúdú, kí ẹ yà á ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì wo ohun tí kámẹ́rà dá ṣe àti ohun tí ẹ̀yin fi kún un. Ọjọ́ tí ẹ bá ti lè sọ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì pé, “Èyí máa ṣókùnkùn, ó nílò ìpele kan sí i,” tí ó sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ kámẹ́rà yín lò. Ìgbà náà ni kí ẹ gba iṣẹ́ ìgbéyàwó ẹlòmíràn, nítorí kò sí bí a ṣe lè ní kí ìyàwó tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì torí pé fótò kò mọ́.