Àjàrà Ẹsẹ̀ Òkè Mont Blanc

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí bá àwọn àgbẹ̀ Morgex àti La Salle mu, ìlú kéékèèké méjì ní Valle d'Aosta, ẹkùn tó kéré jù lọ ní ilẹ̀ Ítálì.

Oko àjàrà wọn ga tó mítà 900 sí 1,200 ju òkun lọ. Nítorí òtútù, àwọn baba ńlá wọn gé ara òkè bí àtẹ̀gùn, wọ́n fi òkúta mọ ògiri láìlo amọ̀, wọ́n sì na ẹ̀ka àjàrà sórí àtíbàbà tó rẹlẹ̀. Ooru tí ilẹ̀ àti òkúta gbà lọ́sàn-án ni wọ́n ń tú sára èso lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ká èso náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kò lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Prié Blanc ni orúkọ àjàrà náà, wáìnì funfun tó kan díẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n sì ń fi ṣe. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kòkòrò tíńtín kan, phylloxera, ti Amẹ́ríkà wọ Yúróòpù, ó ń pa gbòǹgbò àjàrà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Yúróòpù ti ń lọ́ ẹ̀ka tiwọn sínú gbòǹgbò ti Amẹ́ríkà. Kòkòrò náà kò rí ọ̀nà gba òkè yìí. Gbòǹgbò ara rẹ̀ ni Prié Blanc ṣì dúró lé.

Síbẹ̀, ohun tí kòkòrò kò lè pa, àìsí òṣìṣẹ́ lè pa á. Ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi oko orí òkè sílẹ̀ wá iṣẹ́ lọ. Àlùfáà Morgex, Alexandre Bougeat, wà lára àwọn tó gbé wáìnì náà dìde. Ní 1983, àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, ìdílé tí oko rẹ̀ kéré sì ń kó èso wá sí ibi ìfúntí kan náà.

Ní 2018, UNESCO ka ìmọ̀ mímọ ògiri òkúta láìlo amọ̀ mọ́ àṣà àjogúnbá aráyé, Ítálì sì wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ọlá náà kàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀yẹ kì í gbé òkúta: bí ògiri bá wó, ọwọ́ ènìyàn ni yóò tún un mọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkàwé wa, ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa àṣà. Àìsí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ ṣe é ni.