Bí Ọmọ Wa Bá Jà Nílé-Ìwé: Ìjókòó Yíká Ń Ṣe Ohun Tí Pàṣán Ò Lè Ṣe

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa la gbé wá lónìí.

Irú ẹjọ́ yìí ò ṣàjèjì sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Ọmọ wa kan bá ọmọ ìlú jà ní kíláàsì. Ó lè bẹ̀rẹ̀ látorí bírò, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀kan ń fi orúkọ èkejì ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń sín èdè rẹ̀ jẹ. Tíṣà na àwọn méjèèjì ní ẹgba mẹ́fà mẹ́fà, ó ní kí wọ́n lọ kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Lójú tíṣà, ó ti parí. Àmọ́ nígbà tí ọmọ délé, kò sọ pé lágbájá ló lu òun. Ohun tó sọ ni pé, "Àwọn Hausa ló lù mí." Nílé kejì, wọ́n ń gbọ́ pé, "Àwọn Yorùbá ló lù mí." Bàbá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ìyá gba ọ̀já mọ́dìí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìjà ọmọ ọdún mẹ́wàá ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà sí ẹ̀yà. Àwa tá à ń gbé ìlú onílùú mọ ibi tí irú ẹ̀ lè já sí.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ilé-ìwé kan lágbàáyé ń gbà yanjú irú ìjà báyìí. Òyìnbó ń pè é ní restorative justice. Àwa á máa pè é ní ìdájọ́ atúnṣe. Ìjókòó tí wọ́n fi ń ṣe é, àwa á máa pè é ní ìjókòó yíká.

Kí ló fi yàtọ̀?

Ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè ló fi yàtọ̀. Ìdájọ́ tá a mọ̀ ń béèrè pé: òfin wo ni wọ́n rú, ta ló rú u, ìyà wo ló tọ́ sí i? Howard Zehr, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé Changing Lenses ní 1990, ní ìbéèrè mìíràn ló yẹ ká kọ́kọ́ bi: ta ni wọ́n ṣe léṣe? Kí ni onítọ̀hún nílò báyìí? Ta ló yẹ kó ṣe é fún un?

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí wọ́n nà ti jẹ gbèsè tó jẹ tán lójú ara rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì, kò dá bírò padà, ẹni tó ṣẹ̀ ò sì rí nǹkan kan gbà. Nínú ìdájọ́ atúnṣe, gbèsè náà ò tíì tán àfi tó bá tún ohun tó bà jẹ́ ṣe. Ẹni tó bá pè é ní ìkẹ́ra, kò tíì jókòó síwájú ẹni tó ṣẹ̀ kó máa gbọ́ ohun tí ojú onítọ̀hún rí.

Ibo ló ti wá?

Ní 1974, ní Elmira, ìlú kékeré kan ní Kánádà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ba dúkìá èèyàn méjìlélógún jẹ́ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Mark Yantzi, òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi, dábàá fún adájọ́ pé kí wọ́n lọ bá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀. Wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì san owó ohun tí wọ́n bà jẹ́. Ní 1989, ìjọba New Zealand ṣòfin pé kí mọ̀lẹ́bí jókòó pọ̀ sórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tó bá ṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Māori ṣe ń ṣe. Ní 1994, Margaret Thorsborne gbé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ wọ ilé-ìwé kan ní Queensland, ní Ọsirélíà. Ìjókòó yíká ní tiẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó nilẹ̀ Kánádà àti Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní Oakland, ní California, agbẹjọ́rò Fania Davis wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 2005 láti mú un wọ àwọn ilé-ìwé tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí.

Àwa náà mọ̀ ọ́n, àbí? Àwọn baba wa ló sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: nígbà tí àwa àgbà bá ń parí ìjà ọmọdé, àwa la máa ń sọ̀rọ̀ jù. "Ẹ dìde, ẹ dì mọ́ra yín, ó tán." Ọmọ dì mọ́ ẹnì kejì, inú rẹ̀ ṣì ń ru. Nínú ìjókòó yíká, ọmọ ló ń sọ̀rọ̀, àgbà ló ń gbọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Kí wọ́n tó jókòó rárá, ẹni tó máa darí ìjókòó náà á kọ́kọ́ bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, láti mọ̀ bóyá ó gbà láti wá. Ẹni tí kò bá gbà, wọn kì í fipá mú un. Wọ́n á to àga yíká láìsí tábìlì láàárín, kí gbogbo ojú lè máa rí ara wọn. Nǹkan kékeré kan á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù tàbí ṣíbí igi. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀, tíṣà pàápàá á dákẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ nǹkan kan lè gbé e fún ẹnì kejì.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè: Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí lò ń rò nígbà yẹn? Kí lo ti ń rò látìgbà náà? Ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn, báwo ló sì ṣe kàn án? Kí lo lè ṣe kí nǹkan lè tún padà bọ̀ sípò? Ẹ ẹ̀ ní bá "Kí ló dé tó o fi ṣe é?" níbẹ̀. Bá a bá béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé, àfi kó purọ́ tàbí kó dákẹ́.

Níparí, wọ́n á kọ àdéhùn sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tí ojú lè rí: yóò ra bírò mìíràn, yóò jẹ́wọ́ níwájú àwọn tó fi ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú wọn, wọn yóò jọ gbálẹ̀ kíláàsì fọ́jọ́ márùn-ún. Wọ́n á sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá wò ó bóyá wọ́n ṣe é.

Èyí tó wúlò jù lọ ni pé kì í ṣe ọjọ́ ìjà nìkan ni wọ́n ń jókòó. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kíláàsì lè lo ogún ìṣẹ́jú sórí ìbéèrè kan bíi, "Kí ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ?" Ọmọ wa á sọ ìdí tí wọ́n fi ń pe òun ní Babátúndé. Danladi á ní ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí òun. Ọmọ tó bá ti mọ ìtàn orúkọ ẹnì kejì, yóò ṣòro fún un díẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

A ò ní tan ara wa. Ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí RAND fi ilé-ìwé mẹ́rìnlélógójì wò ó fún ọdún ẹ̀kọ́ méjì, láti 2015 sí 2017: apá kan lò ó, apá kejì ò lò ó. Níbi tí wọ́n ti lò ó, ọjọ́ tí wọ́n fi ń lé ọmọ lọ sílé dín kù, àwọn tíṣà sì ní ara tu ilé-ìwé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èsì ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sí ìkẹjọ ò dáa sí i, ńṣe ló relẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán. Ó ń gba àkókò, ó sì ń gba tíṣà tí wọ́n kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kíláàsì tó ní àádọ́rin ọmọ ò lè jókòó yíká lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dìgbà tí wọ́n bá pín in sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́.

Ibi tí kò yẹ ká ti lò ó náà wà. Bí wọ́n bá fi ìbálòpọ̀ fìtínà ọmọ, tàbí tí ohun ìjà bá wọ̀ ọ́, ìyẹn ti kọjá ìjókòó kíláàsì. Ọ̀rọ̀ òfin ni. Bákan náà, ká má ṣe fi ìjókòó yíká fipá mú ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ lójoojúmọ́ pé kó dárí jì.

Ọ̀kan tún kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹni tó ń darí bá jẹ́ ẹ̀yà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, èkejì lè máa rò pé ẹjọ́ ti tẹ̀. Ẹ bèèrè fún ẹni méjì tí yóò jọ darí, kí ọmọ sì sọ̀rọ̀ ní èdè tó bá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù, kí ẹnì kan máa túmọ̀.

Kí la lè ṣe?

Bí ọmọ bá délé pẹ̀lú ojú tó wú, ká má ṣe kọ́kọ́ bi í pé, "Ẹ̀yà wo ni?" Ká bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Bí a bá máa lọ sílé-ìwé, ká lọ gẹ́gẹ́ bí òbí, nípasẹ̀ PTA. Bí a bá kó èrò lẹ́yìn lọ bí ẹ̀yà tó ń lọ sógun, àwa fúnra wa la sọ ọ́ di ogun. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú ẹgbẹ́ wa. Wọ́n lè yọ̀ǹda ara wọn láti kọ́ ọ, kí wọ́n sì darí rẹ̀. Ẹni tó bá ní ilé-ìwé láàárín wa lè fi kíláàsì kan dán an wò fún táàmù kan.

Bó bá sì jẹ́ ọmọ tiwa ló jẹ̀bi ńkọ́? Ká má ṣe fi í pa mọ́ sábẹ́ ẹgbẹ́. Ká bá a lọ, ká jókòó tì í, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, ọwọ́ kejì la fi ń fà á mọ́ra. Àwọn ọmọ tó ń jà lónìí yìí ni yóò jọ máa tajà nínú ọjà kan náà lọ́la, tí wọn yóò jọ máa gbé àdúgbò kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà láìpe ẹ̀yà sí i.