Ọ̀nà Èkó sí Augusta: Bí Sandy Lyle Ṣe Di Ọ̀gá Nídìí Gọ́ọ̀fù

Ọmọ Èjìgbò tó bá ń lọ sí Abidjan kò nílò ẹni tí yóò júwe ọ̀nà fún un. Ó pẹ́ tí àwọn ará ìlú náà ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, èdè Faransé kò sì ṣàjèjì lẹ́nu wọn. Nígbà kan rí, àwọn òyìnbó kan náà ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn láti Èkó dé Abidjan: àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun.

Òtútù ló lé wọn wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pápá Yúróòpù kì í ṣeé gbá, bẹ́ẹ̀ sì ni gọ́ọ̀fù kò ní owó oṣù. Ẹni tí kò bá díje, ọwọ́ òfo ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá sí Safari Circuit, ọ̀wọ́ ìdíje tó ń ká Nàìjíríà, Côte d'Ivoire, Kẹ́ńyà, Zambia àti Zimbabwe.

Ní 1978, ọ̀kan nínú wọn, Sandy Lyle, ọmọ Scotland, wá díje ní Ikoyi Club l'Ékòó. Kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, ọdún tó ṣáájú ló sì sọ eré náà di iṣẹ́. Koríko kọ́ ló yí ihò ká ní pápá yẹn nígbà náà. Iyanrìn tí wọ́n po epo mọ́ ni. Bí àwọn kan bá ti gbá tiwọn tán, wọn á fi nǹkan wọ́ ọ kó lè tẹ́jú fún àwọn tó kàn.

Ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré jù ló ń borí; nínú ihò 18, ẹni tó bá gbá a ní nǹkan bí ìgbà 70 ti gbìyànjú. Lyle gbá 61 lọ́jọ́ kìíní, ó gbá 63 lọ́jọ́ kejì. Òun ló gba ife Nàìjíríà, àkọ́gbà rẹ̀ nídìí iṣẹ́.

Ní 1985, ó gba ìdíje Open ní Sandwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1988, ó kan ìdíje Masters ní Augusta, l'Amẹ́ríkà. Òun àti Mark Calcavecchia tó ń bá a díje jọ wà lójú kan náà. Ihò kan péré ló kù fún Lyle, bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá kó sí kòtò iyanrìn. (Iyanrìn kẹ̀! Ẹni tó ti fi iyanrìn jẹun l'Ékòó?) Ó fi ọ̀pá onírin nọ́ńbà 7 gbé e jáde, bọ́ọ̀lù náà balẹ̀ kọjá ihò, ó sì rọra yí padà wá. Ó gbá a wọlé, ife sì di tirẹ̀. Kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ọmọ Scotland tó gba ife yẹn rí ṣáájú rẹ̀.

Lyle nìkan kọ́: lọ́dún 1988 yẹn kan náà, Vijay Singh, ọmọ Fiji, gba ife Nàìjíríà. Ní 1989, ó tún un gbà, ó sì fi ti Côte d'Ivoire kún un. Ní 2004, òun ló gba ipò kìíní lágbàáyé lọ́wọ́ Tiger Woods.