Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Bára Wọn Sọ̀rọ̀

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni àsopọ̀ kọ̀ǹpútà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n lè máa fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn. Èyí tó kéré kì í kọjá inú ilé kan. Ní ibùdó ìdánwò JAMB l'Ábẹ́òkúta, wáyà ló so kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ sáfà tó ń pín ìbéèrè, tó sì ń tọ́jú ìdáhùn. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, kí iṣẹ́ ẹnìkan má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Íntánẹ́ẹ̀tì so nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ayé pọ̀. Bí aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta kan náà, bá fi fọ́tò aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní London, fóònù á gé e sí wẹ́wẹ́, á kọ àdírẹ́sì sára ègé kọ̀ọ̀kan. Ìgbì rédíò á gbé e dé òpó ilé-iṣẹ́ fóònù, wáyà abẹ́ ilẹ̀ á gbé e dé Èkó, wáyà abẹ́ òkun á sì gbé e sọdá. Ọ̀kan nínú àwọn wáyà abẹ́ òkun ni MainOne, tó ti Portugal wá sí Èkó ní 2010. Fóònù oníbàárà ni yóò to ègé wọ̀nyí padà. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni!

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ POS ń rán sí báǹkì náà ń gba ọ̀nà yìí, nọ́ńbà àṣírí káàdì yín ló sì ń fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ní kí báǹkì sanwó. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni.