Ẹni tí Yóò Kọ́ Ilé Ìtajà ní Ẹdẹ

Ọ̀ràn kan ń jẹ wá lọ́kàn, a kò sì lè ṣe aláìmẹ́nu bà á.

Bí ọlọ́jà bá fi ogún ọdún kó owó jọ láti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìtajà, bíríkìlà ni í kọ́kọ́ sáré lọ bá. Ó rò pé owó ayàwòrán-ilé jẹ́ owó tí a dà sómi. Bẹ́ẹ̀ kọ́! Ilé kì í ṣe ohun eré. Ní 1 November 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí, Èkó, wó lulẹ̀. Ó pa ju 40 ènìyàn lọ, onílé àti òṣìṣẹ́.

Nítorí náà, èkíní, ẹ bèèrè bóyá orúkọ ayàwòrán náà wà nínú ìwé ARCON, ìgbìmọ̀ tí òfin 1969 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀. Èkejì, ẹ lọ wo ilé tí ó ti yàwòrán rẹ̀ rí. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ owó àti iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé: ṣé àwòrán nìkan ni, tàbí yóò máa bẹ iṣẹ́ wò títí a ó fi kan òrùlé? Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ irú ọjà yín fún un. Ibi tí a ń to àpò kòkó sí kò rí bí ìsọ̀ aláṣọ. Ẹnjiníà ni yóò ṣírò ìwúwo ẹrù náà.

Odò Ọ̀ṣun kò jìnnà sí wa, ilẹ̀ ibì kan sì rọ̀ ju òmíràn lọ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.