Àjàṣẹ́ Kò Jìnnà, Ṣùgbọ́n Àlejò Ni Alùpùpù Yín Níbẹ̀

Lọ́dọọdún ni a máa ń rí nínú ẹ̀ka wa ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí àwọn ẹ̀ka-èdè ibodè: Ànàgó, Ìfọ̀nyìn, Kétu. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní iṣẹ́ kankan lọ́hùn-ún, wọ́n kàn fẹ́ fojú rí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni. Fún àwa tí à ń gbé Mowé, Ìbàfò tàbí Ìfọ̀, tí alùpùpù sì wà nílé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé, "Ṣebí ìtòsí náà ni? Màá gùn ún débẹ̀." Irọ́ kọ́, ìtòsí ni. Láti Ìdírókò dé Àjàṣẹ́ kò ju nǹkan bí 25 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá kúrò ní Ìfọ̀ láàárọ̀, tí kò sí wàhálà lọ́nà, lè jẹun ọ̀sán ní Àjàṣẹ́.

Ìtòsí yìí gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó ń lọ sí Gánà mọ̀ pé òkè òkun kékeré ni òun ń lọ, á múra. Ẹni tó ń lọ sí Igolo, tó jẹ́ pé ìsọdá ẹnubodè Ìdírókò ló wà, á rò pé àdúgbò kejì ni. Wọ́n á kí i ní Yorùbá, á dáhùn ní Yorùbá, ara á tù ú. Kò burú, ọmọ ilé ni òun. Alùpùpù tó gùn ni kì í ṣe ọmọ ilé. Ó ní nọ́ńbà ilẹ̀ mìíràn lára, òfin ilẹ̀ mìíràn ló sì bí i.

Ẹ má gbàgbé pé ààlà yìí kò bá èdè lọ rárá. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó la ilẹ̀ Yorùbá níhà ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó wà lábẹ́ Kétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ odindi ìwé lé e lórí, Western Yorubaland under European Rule, tó jáde ní 1976, ó sì yẹ kí ẹni tó ń lọ gba ohùn èèyàn sílẹ̀ ní ibodè kà á kó tó lọ. Ẹ rí Ìfọ̀nyìntẹ́dó ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìpókíá, ẹ wá wo máàpù Benin: Ìfọ̀nyìn ni ìlú tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní Ifangni. Orúkọ kan náà ni, Faransé ló kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ.

Ìwé ti èèyàn rọrùn, ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí rẹ̀. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1979 fún yín ní 90 ọjọ́ láìsí físà. Pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS tí àwọn ìmígíréṣọ̀n ń fúnni ni ẹ máa mú dání. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ó kéré tán ní ọjọ́ 10 ṣáájú, kí wọ́n sì fún yín ní káàdì yẹ́lò rẹ̀. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni à ń gbà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún yín ní Ìdírókò, kí wọ́n tún lù ú ní Igolo. Ẹ lè rí ìyá ọlọ́jà tó kọjá lójú yín tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn mọ ìyá náà, wọn ò mọ̀ yín. Tí ẹnì kan bá sì ní òun mọ ọ̀nà inú igbó tí kò ní dí yín lọ́wọ́, ọ̀nà fàyàwọ́ ni ó ń sọ.

Ti alùpùpù ló lọ́rọ̀ nínú. Ohun mẹ́rin ni àdéhùn 1979 yẹn béèrè fún ọkọ̀: láísẹ́ǹsì ẹni tó ń wà á, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS gbà, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Láísẹ́ǹsì tó ní lẹ́tà A ni ti alùpùpù, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè dúró fún un. Tó bá jẹ́ pé orúkọ ẹ̀gbọ́n yín ló wà lórí ìwé, kí ẹ̀gbọ́n kọ lẹ́tà àṣẹ, kó búra sí i ní kóòtù, kó sì fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ kò lè mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ni.

Ẹ wá wo àwọ̀ lẹ́tà tó wà lára nọ́ńbà. Búlúù ni ti àdáni, pupa ni ti akérò. Àdéhùn náà fún ọkọ̀ àdáni ní 90 ọjọ́, ó fún ọkọ̀ akérò ní 15 péré, kò sì gbọdọ̀ gbé èrò lọ́hùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi alùpùpù rẹ̀ ṣiṣẹ́ láàárín Mowé àti Ìbàfò lọ́sẹ̀, tó fẹ́ fi ṣe fàájì lópin ọ̀sẹ̀, kó mọ̀ pé ojú akérò ni wọ́n máa fi wò ó.

Ìnṣọ́ránsì ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré jù. Èyí tí à ń rà nítorí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, ẹnubodè ló ti ń parí. Brown Card ECOWAS ni èyí tó ń kọjá. Kùtọnu gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1982. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: bí ẹ bá kọlu ọmọ kan ní Àjàṣẹ́, ọ́fíìsì Brown Card ti Benin ló máa bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú àti gbà-má-bínú, á sì gba owó náà padà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tí ẹ ti rà á nílé. Láìsí i, ẹ̀yin àti ìdílé ọmọ náà ló kù, pẹ̀lú ọlọ́pàá tó ń sọ Faransé. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni ẹ ti máa béèrè fún un, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó tẹ́ tábìlì sílẹ̀ létí títì. Ìwé kẹrin ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Benin máa ṣe fún yín ní ẹnubodè. Laissez-passer ni wọ́n ń pè é. Ẹ ka ọjọ́ tó máa parí kí ẹ tó kúrò níwájú wọn.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wa ti wúlò ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ilé, gbogbo alùpùpù ni à ń pè ní ọ̀kadà. Orúkọ ọkọ̀ òfuurufú ni tẹ́lẹ̀: Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tó sì fi orúkọ ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Ẹdó sọ. Ṣùgbọ́n tí òṣìṣẹ́ bá bi yín léèrè ohun tí ẹ gùn wá, ẹ má sọ pé ọ̀kadà ni. Akérò ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí létí ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí zémíjàn ṣe jẹ́ akérò ní Kùtọnu. (Èdè Fọ̀n ni zémíjàn, ó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá".) Moto ni kí ẹ pè é. Ìyẹn náà ní ọ̀fìn tirẹ̀, nítorí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mọ́tò lẹ́nu wa, alùpùpù sì ni moto lẹ́nu Faransé. Bí wọ́n bá béèrè ìwé moto, tí ẹ dáhùn pé ẹ ò ní mọ́tò, àlàyé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni carte grise, permis ni láísẹ́ǹsì, assurance ni ìnṣọ́ránsì, casque ni akoto, essence ni epo bẹntiróòlù, douane ni kọ́sítọ́ọ̀mù. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ẹni tó ń lẹ táyà: vulcanisateur ni wọ́n ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì fún wa ní fọkanáísà, Faransé fún wọn ní tiwọn, ibi kan náà ni wọ́n jókòó sí lábẹ́ igi.

Yorùbá máa bá yín lọ dáadáa ní Ìfọ̀nyìn, Ṣákẹ́tẹ́, Pobẹ̀ àti Kétu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàgó ni ọ̀pọ̀ máa ń pè é. Ní Àjàṣẹ́, Ègùn àti Yorùbá ló jọ wà. Ìlú tí ẹ máa rí ní Porto-Novo lára pátákó ni. Hogbonu ni àwọn Ègùn ń pè é. Bí ẹ bá rí Yorùbá tí wọ́n kọ sílẹ̀, ẹ má ṣe rò pé èdè mìíràn ni: láti 1975 ni Benin ti ní ìlànà àkọtọ́ tirẹ̀, tí ẹ wa jẹ́ ɛ, ọ wa jẹ́ ɔ, p wa jẹ́ kp, ṣ wa jẹ́ sh.

Ọ̀nà wá kù. Ará Ìfọ̀ ló rọ̀ lọ́rùn jù: Ṣàngó, Ọ̀tà, Àtàn, Owódé, Ajílété, Ìdírókò. Ẹni tó wà ní Mowé tàbí Ìbàfò kò gbọdọ̀ rò pé òun á gba inú Èkó já sí Ṣàngó. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà wà nínú wọn. Wọ́n fi mẹ́rin kún un lọ́dún náà, tòun ti Kòsọ́fẹ́. Ẹ gòkè lọ sí Ṣágámù, kí ẹ gba Pápálántò bọ́ sí Ìlaròó, láti ibẹ̀ sí Owódé. Ó jìn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe ẹjọ́. Ẹ má yan ìparí ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù bọ́ sí. Ẹni tó ń gbé Mowé mọ bí títì máa ń rí lálẹ́ ọjọ́ tí ìsìn bá wà ní Redemption City. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń rìn ní Benin bíi tiwa, a ti kúrò ní ọwọ́ òsì láti 1972. Ẹ dé akoto, ẹni tó wà lẹ́yìn náà, ẹ má sì gùn ún lálẹ́. Alùpùpù méjì sàn ju ọ̀kan lọ.

Ẹ ra epo ní Ọ̀tà tàbí Ìlaròó. Ní oṣù Kọkànlá 2019, kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé-epo tó wà láàárín 20 kìlómítà sí ẹnubodè, nítorí náà ẹ má fi ọkàn sí ti Ìdírókò. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì epo sọdá, bó ti wù kó kéré tó. Epo inú ìgò tí ẹ máa rí létí títì lọ́hùn-ún, kpayo ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ wa ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wọlé; láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní 2023 ni kò ti pọ́ọ́kú mọ́. Sẹ́fà ni owó wọn. Ẹ fi sẹ́fà ṣírò ìnáwó yín látòkèdélẹ̀, kí ẹ sì yọ owó táyà àti ti oorun alẹ́ kan sọ́tọ̀.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ méjì tó. Ẹ sùn ní Àjàṣẹ́, ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì láti òkèèrè. Kétu lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà sí Àjàṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà kejì, àfi tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín wà.

Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ fi laissez-passer han dúwáànì kí wọ́n mọ̀ pé alùpùpù ti jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ní apá tiwa, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má gba orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé. Alùpùpù tuntun tó ń dán lè mú kí kọ́sítọ́ọ̀mù Ìdírókò bi yín léèrè ibi tí ẹ ti rà á. Ẹ fi rìsíìtì rẹ̀ sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nílé.