Katakata ògbólógbòó ṣì lè padà sóko, ṣùgbọ́n bíréèkì ló yẹ kó ṣáájú agbára

Ní àgbàlá àwọn àgbẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kò ṣòro láti rí katakata tí koríko ti bò, tí táyà rẹ̀ ti jẹrà, tí adìẹ sì ti ń yé sábẹ́ rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, òkú irin ni, ẹni tó ń ra irin àlòkù nìkan ni wọ́n ń retí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo katakata tó dákẹ́ ló ti kú. Òmíràn kàn dákú ni, ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń jí i yóò tún fi ṣiṣẹ́ oko fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àpẹẹrẹ kan ni Massey Ferguson 135, tí wọ́n ṣe nílùú Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1964 títí di ọdún 1975. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì Perkins onísílíńdà mẹ́ta ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bíi ti ẹṣin 45. Ohun tó mú kí ó ṣeé tún ṣe ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣíwọ́ 135 ní Coventry, ilé-iṣẹ́ Millat ní ilẹ̀ Pakistan lo ẹ́ńjìnì ìdílé kan náà fún MF 240. Nítorí náà, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n bí ojú, yálà tuntun tàbí èyí tí wọ́n tú lára katakata mìíràn. Síbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà kì í jọra délẹ̀. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì ni kí ẹni tó ń lọ sọ́jà kọ dání, kì í ṣe àwọ̀ ọ̀dà.

Àyẹ̀wò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú owó. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò: bí ó bá ti rí bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gan, wọn kì í fi agbára fà á. Wọ́n á tú àwọn nọ́sù, wọ́n á da ọ́ìlì fẹ́lẹ́ sí ojú ihò wọn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Bí inú sílíńdà bá ti jẹ, ìyẹn náà ní ẹ̀rọ̀, nítorí pé sílíìfù inú rẹ̀ ṣeé pààrọ̀.

Èyí tó yẹ kó ba ẹni lẹ́rù ni kí irin ńlá ara rẹ̀ là. Katakata yìí kò ní férémù bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ́ńjìnì, gíábọ́ọ̀sì àti ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi bóòtù so pọ̀ ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Irin dídà sì ni wọ́n, wọn kò gba jíjó bíi ti irin géètì. Bí ọ̀kan bá ti là, ó sàn kí wọ́n wá odindi rẹ̀ lára katakata mìíràn ju kí wẹ́dà máa lẹ̀ ẹ́ lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ògbólógbòó náà ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ́ńjìnì tó lágbára jù àti táyà tó ga jù ni wọ́n ń wá kiri, wọ́n sì ń gbàgbé pé bíréèkì àtijọ́ ni yóò dá agbára tuntun náà dúró. Bí ọ́ìlì síìlì ìdí bá jẹ, ọ́ìlì yóò ṣàn bo bíréèkì: ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́, katakata kò ní dúró. Bíréèkì ọ̀tún àti ti òsì sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá so méjèèjì pọ̀ kó tó bọ́ sí títì lè tẹ ẹyọ kan, kí katakata sì yí bìrí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ wáyà. Fífi alternator rọ́pò dáínámò dára fún iná alẹ́, bí wọ́n bá ti rí i dájú pé orí bátìrì tó yẹ ni wọ́n so mọ́ ara irin. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n máa dúró nílẹ̀ fi sukudiréfà kan orí sítátà. Bí ó bá wà nínú jíà, ẹni tó jí i ni yóò kọ́kọ́ gùn mọ́lẹ̀.

Àfikún tó níye lórí jù lọ kò sí nínú ẹ́ńjìnì rárá. Òun ni ọ̀pá irin líle tí wọ́n ń rì sẹ́yìn àga awakọ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì ìjókòó, kí katakata má baà tẹ awakọ̀ pa bí ó bá dojú dé. Ilẹ̀ Sweden ti sọ irú ààbò bẹ́ẹ̀ di dandan fún katakata tuntun láti ọdún 1959, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ 135 ni wọ́n ti ṣe kí òfin náà tó dé, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ní in. Àgbẹ̀ tó bá ń ka owó àtúnṣe gbọ́dọ̀ ka ọ̀pá yìí mọ́ ọn, nítorí pé ẹ̀yà ara katakata wà lọ́jà, ti ènìyàn kò sí.